Alárenà Orí Ayélujára: Bí A Ṣe Kọ́ Ìkànnì Tí Ń So Akẹ́kọ̀ọ́ Pọ̀ Mọ́ Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Tí Ń Tọ́jú Omi

Ṣáájú kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní kọ̀ǹpútà ni mo ti mọ ohun tí omi búburú lè fi ojú ọmọ ènìyàn rí. Ní ọdún kan tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ sí ìyẹ̀wù baba wa fún oṣù méjì gbáko, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè lóko, nítorí pé sòbìà yọ sí i ní ọrùn ẹsẹ̀: aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀pá aṣọ kan, tí ìyá wa ń fi igi kékeré ká díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe ta ẹsẹ̀, kí aràn náà má baà já mọ́ ọn lára. Àwa kò mọ̀ nígbà náà pé láti inú adágún tí gbogbo ilé wa ń pọn mu ni ó ti gbé àìsàn náà mì ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, pẹ̀lú kòkòrò omi wínníwínní tí ojú kì í tètè rí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ̀ pé nígbà tí ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sínú adágún kan náà kí omi tútù lè bá a pa oró rẹ̀, ńṣe ni aràn náà ń tú ọmọ sínú omi de àwọn tí yóò mu ún lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn tí sòbìà ń bá jà láti abúlé dé abúlé jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lé ní 650,000. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ọwọ́ sí i pé àìsàn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tí a gún, kò sí oògùn kan tí a gbé mì, tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn ńlá gbé ohùn wọn sókè nítorí rẹ̀, àwọn bí Jimmy Carter tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí. Lóòótọ́ ni wọ́n gbẹ́ kànga, tí wọ́n sì da oògùn tí ń pa kòkòrò sínú adágún. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ará abúlé tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tí ó mú ìwé kékeré kan àti lẹ́ẹ̀dì kan lọ́wọ́, tí ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kọ orúkọ ẹni tí aràn yọ sí lára kí onítọ̀hún tó ki ẹsẹ̀ bọ odò, àwọn ni wọ́n ṣẹ́ sòbìà lẹ́yìn. Ìwé kékeré yẹn ni ó wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tí a jọ ń kọ́ ìkànnì ayélujára tí yóò máa so àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń rí sí ọ̀rọ̀ omi. Bí a sì ṣe kọ́ ọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni omi jìnnà sí. Àkọsílẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF jọ ṣe fi hàn pé ní ọdún 2022, ènìyàn bílíọ̀nù 2.2 láyé ni kò ní omi mímu tí a lè fọkàn tán nínú ilé wọn. Ní Ìbàdàn yìí, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti ọdún 1942, ti Aṣéjíre lórí odò Ọ̀ṣun sì tẹ̀lé e ní ọdún 1972, síbẹ̀ kànga àti bóhólù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé gbẹ́kẹ̀ lé, ọmọdé tí ó yẹ kí ó ti wà ní kíláàsì sì ń ru kẹ́ẹ̀gì kiri ní òwúrọ̀. Ní ìlú kan náà yìí ni yunifásítì wà láti ọdún 1948, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń yẹ omi wò, tí òmíràn ń kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilẹ̀, tí òmíràn sì mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú mọ ọ̀nà abúlé, wọ́n mọ orúkọ baálẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn tí yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ kò tó. Agbára àti ìmọ̀ wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A nílò ẹni tí yóò pè wọ́n sójú kan.

Ẹni náà ni àwọn baba wa ń pè ní alárenà. Láyé àtijọ́, bí ọmọge kan bá wu ọ̀dọ́mọkùnrin, kì í fi orí ara rẹ̀ wọ ilé wọn. Alárenà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, tí yóò wádìí irú ìdílé tí ọkọ ti wá, tí yóò wádìí irú ìwà tí ìyàwó ní, tí yóò mọ ilé tí gbèsè wà àti ilé tí àìsàn wà, tí kò sì ní fi ẹ̀tàn so ẹnikẹ́ni mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí ìgbéyàwó náà bá dàrú, ojú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Mo gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ alárenà ni iṣẹ́ ìkànnì wa, àti pé ẹni tí kò bá tíì mọ ìdílé méjèèjì kò ì tíì ní ohunkóhun láti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí a ti orí àwọ̀ àti àwòrán bẹ̀rẹ̀, kí ojú ewé àkọ́kọ́ lè dára lójú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a fi ẹsẹ̀ rìn.

Ní ìletò kan lójú ọ̀nà Ìwó ni a ti bá ìyá àgbàlagbà kan lẹ́bàá ẹ̀rọ omi tí a fi ń fi ọwọ́ tẹ̀, èyí tí koríko ti hù yí ká. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ó sì dá wa lóhùn dáadáa, kí ó tó wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti wá yà á. Láti èṣí tí wọ́n ti ń yà á, kò tíì sun omi.” Ọmọbìnrin kan nínú wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Ìyá. A ò ní ya fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ rí nígbà tó fẹ́ bàjẹ́?” Ìyá náà sọ bí omi ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé rọ́bà tí ń fa omi nínú rẹ̀ ni ó jẹ, ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó jẹ́ pé ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ bí a ti ń pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Ará ìletò kò mọ ẹni tí wọn yóò sọ fún. Ọjọ́ yẹn ni a pinnu pé kò sí iṣẹ́ kan tí yóò jáde lójú ìkànnì wa tí kò ní sọ ẹni tí yóò padà wá wò ó lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń béèrè ènìyàn ni ó gba àkókò wa jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ránṣẹ́ sí wa kò ju “a fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá” lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n fi tọmọ jẹ́. Ohun tí a kọ sí i ni yóò wí. Nítorí náà, a jẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà máa béèrè: kí ni iṣẹ́ náà gan-an, níbo ni, wákàtí mélòó, ta ni yóò pàdé wọn, ta ni yóò san owó mọ́tò, kí ni wọn yóò gbé lọ, kí ni yóò sì wà nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tí a kọ dáadáa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá kànga méjìlá tí wọ́n gbẹ́ ṣì dára fún mímu. Wọ́n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò rí ni wọ́n ń fẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Pé àwọn yóò pèsè ìgò tí a ti sè pa kòkòrò inú rẹ̀, àti kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ẹnu ìgò. Pé omi náà gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò kí ó tó pé wákàtí 24. Àti pé ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá kòkòrò E. coli wà nínú mílílítà 100 omi, nítorí pé nínú omi mímu, kò yẹ kí a rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka irú nǹkan báyìí ti mọ̀ kí ó tó kúrò nílé bóyá iṣẹ́ òun ni tàbí kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu àwọn ìdílé méjèèjì jáde tán ni a tó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Èdè HTML tí a fi ń to ojú ewé ìkànnì jáde láti ọwọ́ Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní CERN, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, àjọ náà sì yọ̀ǹda iṣẹ́ yìí fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1993. MySQL tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìkànnì wa, ọ̀fẹ́ ni a ń lò ó. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú láti rán àwọn ọmọ létí pé ẹ̀bùn àwọn tí ó yọ̀ǹda iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àwọn ayọ̀ǹda-ara.

Ẹni tí ó bá mọ bí alájọ ti ń ṣe ìwé rẹ̀ kò ní pẹ́ lóye bí a ti ń to àkọsílẹ̀ sínú ìkànnì. Ìwé mẹ́rin ni a là. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́: orúkọ rẹ̀, àdúgbò tí ó ń gbé, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ti iṣẹ́. Àwọn ọmọ rò pé mẹ́ta yìí tó, kí a kàn máa kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ tí ó bá gbà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe iṣẹ́ mẹ́fà, iṣẹ́ kan sì lè gba akẹ́kọ̀ọ́ ogún. Bí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan bá yí padà, ibi mẹ́fà ni a ó ti máa wá a láti tún un kọ, a ó sì gbàgbé ọ̀kan. Nítorí náà ni ìwé kẹrin ṣe wà, ìwé ìpàdé, tí kò gba ju ìlà kan lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú iṣẹ́ kan: ta ni, iṣẹ́ wo, ọjọ́ wo, ṣé ó dé, ṣé iṣẹ́ parí. Inú ìwé kẹrin yìí ni ọkàn ìkànnì náà wà, nítorí pé òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ohun kan dojú kọ wá tí àwọn tí ń kọ́ irú ìkànnì yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í bá pàdé. A ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èdè Yorùbá tí ó ní àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ ni a ó fi kọ ọ́, kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà lè ka ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ wá ṣe ní ìlú wọn. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan wá iṣẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, ìkànnì sì dá a lóhùn pé kò sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjì wà níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí: nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní ìjókòó tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, a lè mú ẹ kí a gbé àmì ohùn lé e lórí, a sì lè mú é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Méjèèjì jọ ara wọn lójú ènìyàn bí Táíwò ti jọ Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lo ti àkọ́kọ́, fóònù ọmọkùnrin yẹn sì tẹ ti èkejì. A wá pa á láṣẹ fún ìkànnì pé kí ó máa sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ó tó fi pamọ́, àti pé bí ẹnì kan bá ń wá nǹkan láì fi àmì sí i, kí ó má ṣe lé onítọ̀hún padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi han òǹkàwé, a kò jẹ́ bọ́ àmì rẹ̀ kúrò láé, nítorí pé agbè tí a fi ń pọn omi kì í ṣe àgbẹ̀ tí ń roko, Yorùbá kì í sì í ṣe èdè tí a ń kọ ní ìdajì.

Ti dátà kò gba àlàyé púpọ̀. Fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní, owó ni wọ́n sì fi ń ra dátà. A yọ àwòrán ńlá kúrò, a sì ṣe é kí ojú ewé tètè ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dára.

Ní ti bí a ti ń yan ẹni tí yóò lọ síbi iṣẹ́ kan, a kọ́kọ́ ní kí ìkànnì wọn bí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti jìnnà sí ibi iṣẹ́ tó lórí àwòrán ilẹ̀; ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ibi méjì lè wà lódìkejì odò kan náà, kí ó sì jẹ́ pé mọ́tò mẹ́ta ni ènìyàn yóò wọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. A wá ń béèrè iye mọ́tò tí a ó wọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wà lẹ́nu ìdánwò yóò tẹ ibì kan, a kò sì ní pè é títí yóò fi parí. Ìkànnì kò sì fúnra rẹ̀ so ẹnikẹ́ni pọ̀. Orúkọ ni ó ń gbé kalẹ̀, ènìyàn ni ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni à ń rán jáde, a kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wọlé yóò fi ìwé hàn pé òun forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020 tí ó dá lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó yẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn wò, a ó sì lọ sí ọ́fíìsì wọn, nítorí pé ìwé lè wà kí iṣẹ́ má sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá lọ, méjìméjì ni ó kéré jù. Nọ́ńbà fóònù wọn kì í hàn lójú ìkànnì. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì sọ ọ́ di dandan pé kí a má ṣe gba ju ohun tí a nílò lọ́wọ́ ènìyàn lọ. Àní ọ̀rọ̀ aṣínà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọlé, a kò mọ̀ ọ́n: kí ìkànnì tó fi í pamọ́, yóò ti lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹlẹ́kọ ti ń lọ àgbàdo, kò sì sí olè tí ó lè jí ògì kí ó sọ ọ́ padà di àgbàdo lórí ṣùkù. Bí onítọ̀hún bá tún dé, a ó lọ èyí tí ó mú wá, a ó sì wò ó bóyá ògì méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ní alaalẹ́, a máa ń kọ ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn. Ó ṣe wá lóore ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà tí ó gbé ìkànnì náà dákẹ́ lójijì. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú a ti pọn òmíràn.

Síbẹ̀, àṣìṣe wa tí ó dùn mí jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ní oṣù tí a bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà wọ mọ́tò ní ìdájí lọ sí ibì kan tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní bí a ti ń fọ ọwọ́, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó yẹ kí ó pàdé wọn ti rin ìrìn àjò, kò sì rántí láti sọ. Wọ́n jókòó sí abẹ́ igi títí di ọ̀sán. Méjì nínú wọn kò padà sọ́dọ̀ wa mọ́, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà náà, bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́, ìkànnì yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ń retí àlejò. Bí kò bá dáhùn kí ó tó di aago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ náà yóò dúró, a ó sì ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lólobó kí wọ́n má ṣe jáde.

Ohun tí ó sì yà wá sọ́tọ̀ sí àwọn tí ó ya fọ́tò ẹ̀rọ ìyá yẹn ni pé iṣẹ́ kì í parí lójú ìkànnì wa ní ọjọ́ tí ó parí lóko. Lẹ́yìn oṣù kan, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti lẹ́yìn ọdún kan, ìbéèrè kan ṣoṣo yóò lọ sí fóònù ẹnì kan tí ó ń gbé ní ìletò náà, kì í ṣe sí ti ẹgbẹ́: ṣé ó ṣì ń sun omi? Ẹni náà yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tuntun ti ṣí nìyẹn, ó sì di dandan kí orúkọ ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe é wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan kò fẹ́ èyí, wọ́n ní ó ń tú àṣírí àwọn. A bẹ̀ wọ́n títí, a kò sì yí i padà.

Ọmọbìnrin ẹnjiníà ọjọ́sí ti di àgùnbánirọ̀ báyìí, wọ́n sì rán an lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Kò wọ ìkànnì wa mọ́ láti wá iṣẹ́. Ìyá ojú ọ̀nà Ìwó ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀rọ bá sì ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Iṣẹ́ kan wà lójú ìkànnì láti àná: ẹgbẹ́ kan ń wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin ní ìletò náà bí a ti ń pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ omi, ní Sátidé tí ń bọ̀, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago méjìlá, mọ́tò kan péré láti Ìwó Road, ìyá náà fúnra rẹ̀ ni yóò pàdé wọn.